Orúkọ wo ló yẹ mainframe àti àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀ ní Yorùbá?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, mo kí gbogbo yín.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní àwọn fi iṣẹ́ mainframe (kọ̀ǹpútà tí báńkì àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣe òkìtì iṣẹ́ láìdáwọ́ dúró) sílẹ̀ nígbà tí OS/390, ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ṣì wà lórí àlééfà, pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sídìí rẹ̀, àti pé àwọn fẹ́ kọ ìwé àlàyé kékeré lórí rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní èdè Yorùbá. Orúkọ ni wọ́n ń wá: kí la ó pe ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, kí la ó pe batch (iṣẹ́ tí a kó jọ kí ẹ̀rọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan), kí la ó pe encryption (dídàrú dátà kí ẹni tí kò ní àṣẹ má lè kà á)? Ìdáhùn ti ń rọ́ wọlé. Àwọn kan ní ká pè é ní "kọ̀ǹpútà ńlá", àwọn mìíràn ní "ògbólógbòó ẹ̀rọ", ẹnìkan sì ní ká kàn kọ "mẹ́ínfíréèmù" ká lọ sinmi. Mi ò fara mọ́ méjì àkọ́kọ́ rárá, ó sì wù mí kí n sọ ìdí rẹ̀ kó tó di ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká mú "ńlá" ná. Òótọ́ ni pé inú férémù irin gìrìwò tí wọ́n kó ọpọlọ ẹ̀rọ náà sí ni orúkọ òyìnbó rẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, IBM, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, gbé mainframe kan tó ń jẹ́ z14 ZR1 jáde nínú férémù ẹyọ kan tó fẹ̀ ní ínǹṣì 19, bíi ti server (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn) yòówù. Nígbà tó di 2023, wọ́n tún ṣe irú z16 kan tí ẹni tó rà á lè tò sínú férémù tirẹ̀ tó ti ní nílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé títóbi la fi ń sọ ọ́ lórúkọ, àwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún server sí tóbi ju mainframe lọ fíìfíì, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní mainframe.

"Ògbólógbòó" burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògbólógbòó olè, ògbólógbòó ọ̀daràn: ibẹ̀ ni etí Yorùbá ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀dọ́ tó bá sì kà á á rò pé ohun tó yẹ kí wọ́n ti kó dànù ni. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni IBM kéde System/360, ẹ̀rọ tí àwọn ti òde òní ti ṣẹ̀ wá, kò sí àní-àní níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn ló wà nílẹ̀ mọ́. Ọdún 2025 ni z17 dé, Telum II ló sì wà nínú rẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ẹ̀yà fún iṣẹ́ AI kún láti inú wá, débi pé a lè yẹ ìsanwó kan wò bóyá jìbìtì ni kí ìsanwó náà tó parí. Ohun tó pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni májẹ̀mú tí wọ́n bá àwọn oníbàárà dá, pé ètò tí wọ́n kọ láyé System/360 ò ní di àkísà. Púpọ̀ nínú wọn ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní iṣẹ́ náà ń kú lọ lè mẹ́nu ba Fujitsu, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan tó ń ṣe mainframe, tó ti kéde ní 2022 pé àwọn ò ní ta mainframe mọ́ tó bá di 2030. Òótọ́ nìyẹn pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ kan ló ń jáde kúrò nínú òwò, orúkọ tí a fẹ́ sọ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Mi ò bá "mẹ́ínfíréèmù" jà. Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ lẹ́nu nìyẹn, kí ó máa bẹ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ìwé tí a kọ fún ẹni tí kò mọ̀dí ẹ̀rọ nílò orúkọ tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Èmi dábàá "kọ̀ǹpútà òpómúléró". Òpó tó mú ilé ró ni, tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn wà nínú ilé. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ọpọlọ àárín ló ń gbé dátà wọlé gbé e jáde. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ tó ní ọpọlọ tirẹ̀ wà fún un. Bí ọpọlọ kan bá dákú, èyí tó wà nílẹ̀ dè é á gba ipò rẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ. Láti 1994 tí Parallel Sysplex ti dé, ẹ̀rọ mélòó kan lè ṣe bí ẹyọ kan, kí a pa ọ̀kan fún àtúnṣe láìjẹ́ pé ẹni tó ń lò ó mọ̀. Ẹnìkan lè ní òpómúléró ti wà nínú oríkì ìdílé kan, kí a má mú un ṣeré. Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí "kọ̀ǹpútà" máa ṣáájú rẹ̀ nígbà gbogbo.

Fún LPAR, ìyẹn apá kan mainframe tó ń dá ṣiṣẹ́ bí odindi ẹ̀rọ, "yàrá" tí wọ́n dábàá tẹ́ mi lọ́rùn. A lè pín z16 sí yàrá 85, kálukú pẹ̀lú ètò ìṣiṣẹ́ tirẹ̀, kí Linux wà nínú èyí, kí z/OS, ètò tó rọ́pò OS/390, wà nínú tọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi kún un pé láti z/OS 2.4 ti 2019, container Linux (ètò tí a dì pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò) lè gbé inú z/OS fúnra rẹ̀. Ẹ pe ìyẹn ní "àpótí", kó má bàa dàrú mọ́ yàrá.

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àgbà àti ọmọdé nídìí iṣẹ́ yìí ni "storage". Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n: nínú ìwé IBM àtijọ́, ìrántí ẹ̀rọ ni storage, dísíìkì sì ni DASD. Ọ̀dọ́ tó ti ibòmíràn wá gbọ́ storage, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dísíìkì. Kò sí ìdí tí Yorùbá fi gbọ́dọ̀ jogún ìdàrúdàpọ̀ yẹn. Èyí tó máa ń pòórá bí iná bá lọ ni "ìrántí". Èyí tí a máa bá níbẹ̀ bí iná bá dé ni "àká". Ìrántí tí ẹ fi sílẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìsinsìnyí: gígàbáìtì 2 ni ibi tí ètò kan lè rí dé láyé OS/390, àfi ìgbà tí mainframe z900 gbé àdírẹ́sì ìrántí oníbíìtì 64 dé ní ọdún 2000. z16 lè gba tẹ́ràbáìtì 40. Àká ní ìtàn tirẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀. Dísíìkì 3390 tó jáde ní 1989 ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ báìtì 56,664 ni z/OS ṣì ń kà fún ojú ọ̀nà dísíìkì kan, torí pé àwọn àká òde òní ń ṣe bí ẹni pé 3390 ni àwọn. Ohun èlò ti lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá sọ nǹkan wọ̀nyí lórúkọ nípa ìrísí wọn á tún orúkọ sọ láìpẹ́.

Irú rẹ̀ ni "iṣẹ́ alẹ́" tí wọ́n dábàá fún batch. Mo mọ ibi tó ti wá: nígbà kan, wọ́n á ti CICS, ètò tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, pa ní ìrọ̀lẹ́ kí batch lè ráyè dé ìdí àwọn fáìlì. Lónìí, fóònù ń béèrè iye owó tó kù ní aago mẹ́ta òru, kò sí ẹni tó máa ti CICS pa fún wákàtí mẹ́rin. Ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú aago. CICS, tó ti wà láti 1969, ń dá ẹni tó dúró lóhùn. Batch ń gba òkìtì iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò dúró tì. "Iṣẹ́ ojú-ẹsẹ̀" ni ti àkọ́kọ́, "iṣẹ́ àkójọṣe" ni ti ìkejì.

Àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò, bíi Git, Python, VS Code, àti Zowe tó dé ní 2018: ẹ má fìyà jẹ ara yín lórí ìwọ̀nyí. Orúkọ wọn ni àwọn ọ̀dọ́ fi mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó rí mainframe rárá. JES3 náà, ètò tó ń tò iṣẹ́ batch, z/OS 2.5 ti 2021 ló ti wá kẹ́yìn, kò nílò orúkọ tuntun.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó tì ni encryption, torí ìyípadà tó tóbi jù lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n kúrò wà níbẹ̀. Láti z14 ti 2017, a lè bo gbogbo dátà inú àká láìtún ètò kankan kọ. Ẹnìkan ní ká pè é ní "àrokò". Ọ̀rọ̀ tó níyì ni, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń ránṣẹ́ ni àrokò, ẹni tó gbà á ló máa túmọ̀ rẹ̀. Ẹnà ló bá a mu. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ẹnà ń dàrú, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á yọ àmúlùmálà inú rẹ̀ kúrò, á sì bá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bó ṣe wà, láìdín láìlé. Ẹnìkan ti tako èyí, ó ní ẹni tó bá ti mọ ìlànà ẹnà kan ti mọ gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlànà AES, tí mainframe fi ń bo dátà, wà ní gbangba láti 2001 tí ẹnikẹ́ni lè kà á. Àtakò tó dáa ni. Ohun tó fi AES yàtọ̀ ni kọ́kọ́rọ́, nítorí náà "ẹnà oníkọ́kọ́rọ́" ni kí a kọ. Fi ẹnà bo dátà, tú ẹnà náà: ó yọ̀ lẹ́nu. Kọ́kọ́rọ́ náà sì wúlò fún àlàyé: káàdì Crypto Express tó ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ẹ̀rọ máa ń pa á rẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tú káàdì náà. Z16 ti 2022 wá fi ẹnà tí wọ́n ṣe kí kọ̀ǹpútà quantum, irú tuntun tí wọ́n ń bẹ̀rù pé á lè tú àwọn ẹnà kan, má lè tú kún un, nítorí àwọn tó ń jí dátà pamọ́ lónìí kí wọ́n lè ṣí i lọ́jọ́ iwájú.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó kan àwa tó ń kọ Yorùbá tààrà. EBCDIC, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀, ni mainframe fi ń kọ lẹ́tà, nínú èyí tí A jẹ́ C1, nígbà tó jẹ́ 41 nínú ASCII tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn mọ̀. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ nínú code page 1047, àtẹ lẹ́tà tí z/OS ń lò. Unicode, ìlànà tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, ló yọ wá, ṣùgbọ́n ó mú ìṣirò tuntun wá, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń pe ohun gbogbo ní "lẹ́tà" nínú ìjíròrò yìí á ti kọsẹ̀. Ẹ wo orúkọ Gbọ́lá. Lójú Yorùbá, lẹ́tà mẹ́rin ni, torí gb ò ṣe é pín. Lójú Unicode, mẹ́fà ni: G, b, ọ, àmì ohùn orí ọ, l, á. Ní UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú Unicode sínú ẹ̀rọ, báìtì 10 ni. Ẹni tó bá fi PIC X(8), ìyẹn ààyè báìtì 8, gbà á nínú COBOL, èdè tí a fi ń kọ ètò mainframe, á rí "Gbọ́l", á sì máa wá ẹni tó gé orúkọ náà. PIC U tó dé pẹ̀lú Enterprise COBOL 6.3 ní 2019 kì í ka báìtì mọ́, ṣùgbọ́n mẹ́fà ló máa kà, kò ní ka mẹ́rin. Orúkọ mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: "lẹ́tà" fún ohun tí Yorùbá ń kà, "ẹyọ" fún ohun tí Unicode ń kà, "báìtì" fún ààyè tí ẹ̀rọ fi gbà á. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Gbọ́lá àti iye rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí orí kìíní, ṣáájú ibi tí ẹ ti máa kọ́kọ́ kọ PIC.