Kò sẹ́ni tó ń gba iyùn síṣẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tá a máa fi ṣàlàyé ìgbésí ayé iyùn (coral) la jọ ń wá. Bọ̀dá wa kọ̀wé lánàá pé bí ọmọ iyùn ṣe ń wá ibi dúró sí lábẹ́ òkun, ká pè é ní "ìgúnlẹ̀", tí wọ́n bá wá kún iye àwọn tó ti wà ńlẹ̀, ká pè é ní "ìgbàsíṣẹ́" torí "recruitment" tí òyìnbó ń pè é. Ẹ má bínú sí mi sà, mi ò lè gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan náà fúnra ẹ̀ ná. Ẹranko ni iyùn. Lálẹ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí òṣùpá bá kún, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tú ẹyin àti àtọ̀ sómi lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ tó bá tibẹ̀ jáde ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, irun wínníwínní ló fi ń lúwẹ̀ẹ́, omi á máa gbé e kiri fún ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí á fi kan àpáta tí ewé òkun kan tó le bí òkúta lẹ̀ mọ́ bí èépá, ewé yẹn ló sábà máa ń fà á mọ́ra. Á wá fi iwájú lẹ̀ mọ́bẹ̀, ẹnu á kọjú sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹfun mọ ilé sábẹ́ ara ẹ̀. Ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ lónìí lè ṣí lọ́la, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ó ti tẹ̀dó ni. Ìtẹ̀dó ni mo fara mọ́.

Ẹni tó ní ká pè é ní "ìfòmọ́" dípò ìyẹn, àfòmọ́ orí kòkó wa níléṣà ńbí ń mu omi ara igi, iyùn ò mu nǹkan kan lára àpáta.

Ti ọ̀rọ̀ kejì, "ìgbàsíṣẹ́", ló ká mi lára jù. Púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀dó ni ò ní í pé ọdún kan, ẹja á họ wọ́n jẹ, iyanrìn á bò wọ́n. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù, tó dàgbà dípò àwọn tó ti kú, kí lẹ fẹ́ pè é bí kò ṣe àrólé? Ìrólé ni mo mú wá. Ní Great Barrier Reef, òkìtì ńlá tí iyùn kọ́ sínú òkun l'Ọsirélíà, ooru 2016 àti 2017 pa àwọn ìyá iyùn rẹpẹtẹ, nígbà tí wọ́n wá ka ọmọ tuntun lórí táìlì amọ̀ tí wọ́n rì sómi ní 2018, iye wọn ti fi ìdá 89 nínú 100 dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ilé ń dahoro nìyẹn, "ìgbàsíṣẹ́" ò lè gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo bi ìyá kan tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà Àtàkúnmọ́sà. Ó gbé iyùn kan sójú oòrùn, ó fi ìlà tín-ín-rín ara ẹ̀ hàn mí, ó ní ìyá ọkọ òun ló fi sílẹ̀ fóun. (Iyùn pupa yẹn kì í kọ́ òkìtì bíi ti ilẹ̀ olóoru, mọ̀lẹ́bí wọn ni.) Mo ní ta ni yóò gbà á lẹ́yìn yín, ó ní "ẹni tó bá rólé ni."

Ẹ ṣáà fi àmì sí i o, kí wọ́n má kà á sí ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá sì ní orúkọ fún ewé tó dà bí èépá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́, mi ò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn.