Títì àdúgbò wa: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Oṣù Kẹta ni mo béèrè bí àwa onílé 40 ṣe lè tún títì wa ṣe, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí tán, láìdúró de ìjọba.

Ẹni tó ní ká kọ́kọ́ ṣe gọ́tà, ìwọ lo jàre. Ẹnjiníà gbẹ́ ihò kan síbi tó bàjẹ́ jù: omi ló ń sun lábẹ́ ọ̀dà, yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀bà. Ká ní a da ọ̀dà tuntun lé e ni, owó ìbá wọgbó.

Ti owó, iye kan náà fún gbogbo ilé kò ṣiṣẹ́; àwọn ìyá àgbà kan kò rí i san. A wá fi pulọ́ọ̀tì pín in, àwọn ayálégbé sì ń dá ₦500 lóṣooṣù. Onílé méje ṣì jẹ gbèsè, alága àná wà nínú wọn (ẹ má rẹ́rìn-ín).

Lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ so èso díẹ̀: wọ́n yá wa ní katapílà fún ọjọ́ méjì, àwa la ra dísù.

Gọ́tà ti parí lápá méjèèjì. Òjò oṣù Kẹsàn-án kò dúró lójú títì rárá. Ó ku òkúta àti ọ̀dà, ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ṣeun.