Geranium inú ìkòkò: omi ló ń pa á nígbà ọ̀gìnnìtìn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ní òtútù ló pa òdòdó geranium òun nínú ilé, mo gbọ́ yín, àmọ́ mi ò rò pé òtútù ni. Manchester ni mo wà, tèmi sì ń ti ọdún kan bọ́ sí òmíràn. Aládùúgbò mi a máa ra tuntun ní oṣù Karùn-ún, tó bá di oṣù Kẹwàá á kó gbogbo rẹ̀ dànù bí èèpo iṣu. Bẹ́ẹ̀, ewéko ọlọ́jọ́ gígùn ni. Pelargonium gan-an lorúkọ rẹ̀, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti mú un wá, kì í wọ́wé tí yìnyín ò bá ti bá a.

Lóṣù Kejìlá, oòrùn ò tó nǹkan, geranium kì í dàgbà, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Ẹni tó bá ń bomi rin ín bíi tìgbà ooru, ìdí rẹ̀ á dúdú, á rọ̀, á máa jẹrà bọ̀ lókè. Èmi a máa ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò. Bí ó bá ṣì tutù, mo kúrò níbẹ̀. Yàrá tá ò tan hítà sí ni mo ń kó wọn sí, lẹ́bàá fèrèsé. Bí ibẹ̀ ò bá ti tutù ju dígíríì 5 ti Celsius lọ, kò séwu. Ìyá ọkọ mi wá láti Ìbàdàn, wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ fi òùngbẹ pa wọ́n ni?” Wọ́n ń bu omi sí i ní kọ̀rọ̀ títí mo fi kó wọn lọ sókè!

Oṣù Kẹjọ ni mo ń gé ẹ̀ka tí mo fi ń gbin tuntun: èyí tí kò lódòdó, tó gùn tó ìka ọwọ́. Ẹ gé e lábẹ́ oríkèé, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kí ojú ibi tẹ́ ẹ gé gbẹ díẹ̀, kẹ́ ẹ tó kì í bọ etí ìkòkò oníyanrìn. Ẹ má da ọ̀rá bò ó o, á bu. Kí oṣù Karùn-ún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Oòrùn ọ̀sán máa ń tanni, ìrì a sì dì lóru.

*

Àǹtí, ẹ ṣeun. Houston ni èmi wà, ooru ni wàhálà tiwa. Geranium kì í fẹ́ tanná mọ́ bó bá di oṣù Keje, nítorí náà vinca ni mo ń gbìn, òdòdó olójú márùn-ún tó máa ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nílé. Omi náà ló ń pa òun: bí mo bá gbìn ín nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù tí òjò ń rọ̀, ìdí rẹ̀ á jẹrà. Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọdé o, májèlé ni ewé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí vincristine, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Àǹtí, ajílẹ̀ wo lẹ ń lò?

*

Ti tòmátì ni, àbúrò. Èyí tó ń mú ewé tóbi kì í jẹ́ kó tanná.