Echo (àwòrán ọkàn) ní fáàfù (ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá) ọkàn bàbá ti ń le, kíndìnrín wọn ò sì ṣiṣẹ́ mọ́: ṣé abẹ ló kàn?

Ọmọ Kàbbà
Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá wa, ẹni ọdún 66, ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀. Wọ́n ṣe echo láàárọ̀ ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀. Èsì ní ojú fáàfù tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde lọ́kàn ti fún dé 1.2 cm², èkejì sì ń jò gan-an. BP wọn máa ń já lórí ẹ̀rọ. Ṣé ká máa wá owó iṣẹ́ abẹ ni?

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú
Ẹ fara balẹ̀ ná. Láàárọ̀ ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀, omi ti kún ara bàbá. Omi yẹn ń fẹ ọkàn, ètè fáàfù ò ní lè pàdé dáadáa, jíjò á wá pọ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ẹ tún echo náà ṣe lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ìfọ̀jẹ̀, tí ìwọ̀n wọn bá ti wálẹ̀ dé ibi tí dókítà fẹ́. Tí fístúlà (iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n so pọ̀ fún ìfọ̀jẹ̀) bá wà lápá, ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ yára nínú fáàfù. 1.2 kò tíì dé ojú ibi tó le jù: a máa ń ka a sí líle gan-an tó bá wọ 1.0 cm² sísàlẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde ní mítà 4 ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ṣùgbọ́n lára oníkíndìnrín ó máa ń yára le sí i, ẹ ṣe echo lọ́dọọdún.

Ti BP: fáàfù tó fún ò jẹ́ kí ọkàn lè tètè fi kún ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fa omi kíákíá. Kí fífà má kọjá mílílítà 13 fún kílò kan ní wákàtí kan. Ẹni kílò 60, ìyẹn mílílítà 780 ní wákàtí kan, bíi lítà 3 ní wákàtí 4. Tí omi bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wákàtí gùn, kí iyọ̀ sì dín nínú ọbẹ̀.

Apòògùn Mọpa
Ẹ má gbàgbé fọ́síféètì, èròjà inú oúnjẹ tí kíndìnrín tó ti bàjẹ́ ò lè kó jáde dáadáa; òun àti kálísíọ́ọ̀mù ló ń dì mọ́ fáàfù. Oògùn tó ń dè é nínú ìfun, bíi kálísíọ́ọ̀mù kábọ́néètì, àárín oúnjẹ ni kí wọ́n lò ó. Bí wọ́n bá lo kálísíọ́ọ̀mù kábọ́néètì láìjẹun, kò rí fọ́síféètì dè, kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Kola àti mílíìkì agolo, ẹ dín wọn kù gidi. Bí wọ́n bá ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), ẹ bi dókítà, ó máa ń dá kún líle yìí. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú
Bí rọ́bà ìfọ̀jẹ̀ bá wà lọ́rùn, tí òtútù àti ibà bá dé lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún culture (àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀) kó tó di pé wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ antibiotic. Kòkòrò lè ti jókòó sórí fáàfù.