Màmá mi fẹ́ wẹ omi gbígbóná láàárín yìnyín, ṣé Bad Gastein dáa fún àgbàlagbà?

Ọmọ_Kàbà
Ọ̀kun o gbogbo yín. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Vienna ní kí èmi àti màmá wa wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun ní January, ó fẹ́ mú wa lọ sí Bad Gastein, ìlú kan láàárín òkè ní Austria ńbẹ̀, ó ní omi gbígbóná ń sun látinú àpáta, pé àwọn ọba ayé àtijọ́ máa ń lọ wẹ̀ níbẹ̀. Ó ti wọ màmá lára torí lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ sí Ìkọ̀gòsì, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi yẹn, títí dòní ló ń sọ pé orúnkún òun fúyẹ́. Ẹni ọdún 71 ni, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àmọ́ ó ń lo oògùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ski nínú wa. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ká má lọ náwó tán ká wá jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì máa wo àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀pà
Ọ̀kun o. Salzburg ni mò ń gbé, mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, tíréènì ò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ẹ mú màmá lọ jàre. Àárín ìlú gan-an ni omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, ariwo ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ gíga gíga wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè bí ilé ìgbín. Kaiser Wilhelm àkọ́kọ́, ọba ńlá Jámánì, máa ń wá síbẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ náà ni ìjọba Prussia tiẹ̀ àti Austria ti ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ Schleswig àti Holstein ní 1865, ọdún kejì ni wọ́n kojú ìjà síra wọn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, Bad Gastein dà gẹ̀rẹ́ gan-an ni, àtẹ̀gùn lọ́tùn-ún àtẹ̀gùn lósì, orúnkún màmá ò ní gbà á. Bad Hofgastein ni kẹ́ ẹ dé sí, nísàlẹ̀ àfonífojì, ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú, omi gbígbóná yẹn kan náà ni wọ́n fi páìpù fà wá síbẹ̀. Adágún kan wà níta, tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ omi á gbóná dé ọrùn yín, yìnyín á máa bọ́ sórí yín, irun iwájú orí mi gan-an gan paali, àyà mi sì ń gbóná. Ẹ má mú màmá wọ ibi sauna, yàrá tí wọ́n ti ń jókòó làágùn, ṣá, tọkùnrin tobìnrin ló ń bọ́ra sí ìhòòhò níbẹ̀, àṣà wọn ni.

Nọ́ọ̀sì_Ìsánlú
Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Láti orísun, omi yẹn gbóná tó bíi ìwọ̀n 46 lórí Celsius, wọ́n máa ń mú un tutù kí wọ́n tó tú u sínú adágún, síbẹ̀ kó má ju ìṣẹ́jú 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, kó rọra dìde, kí ẹnì kan di ọwọ́ ẹ̀ mú torí ibi tí ojú ti ń ṣú àgbàlagbà nìyẹn. Wọ́n tún ní ihò kan nínú òkè níbẹ̀ tó ní radon, gáàsì kan tó ń tú ìtànṣán jáde, wúrà ni wọ́n ń wa níbẹ̀ láyé 1940 sókè kí àwọn òṣìṣẹ́ tó sọ pé ara àwọn ń yá. Ooru inú ẹ̀ ń dé 41.5. Ẹ má mú màmá débẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i.

Àyétòrò_Gbẹ̀dẹ̀
Bàtà o! Kánfáàsì ni mo wọ̀ lọ, mi ò tíì rìn dé ẹnu títì tí mo fi ṣubú, ọwọ́ ọ̀tún mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ń ta rọ́bà kan tó ní irin ṣóńṣó lábẹ́, wọ́n máa ń fà á wọ bàtà, kí àbúrò yín bá màmá rà á sílẹ̀. Ẹ gun cable car, ọkọ̀ tí wáyà ń fà lókè, lọ sórí òkè Stubnerkogel náà, ẹni tí ò ṣe ski ń gùn ún, afárá kan tí wọ́n so kọ́ òfuurufú wà lókè ńbẹ̀, gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà 140.

Ọmọ_Kàbà
Ẹ ṣeun gan, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá, Hofgastein ló mú, ọjọ́ Mọ́ńdè la máa rí dókítà. Ó ní kí n ti máa bá òun wá aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo itan.