Fáìlì tí kọ́ọ̀dù ń bí nígbà build: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìgbógbó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan gba oorun lójú mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo sì fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ ti bá irú ẹ̀ pàdé sọ tiyín náà. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń ka ibí yìí, ó dáa kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì yàtọ̀ sí èmi.

Ìkòròdú níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn obìnrin ọjà Sábó pọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n ń yá a, wọ́n ń san án padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti sanwó, rìsíìtì á wọlé sórí fóònù ẹ̀ lédè Yorùbá, pẹ̀lú àmì lórí ọ̀rọ̀. Èmi ni mo ta kú pé àmì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kò yẹ kéèyàn máa méfò lórí owó ara ẹ̀.

Èdè Java la fi kọ ọ́, irinṣẹ́ Maven la fi ń ṣe build, ìyẹn ni pé ká sọ kọ́ọ̀dù di ètò tó ṣe é lò. Gbogbo oríṣi ìsanwó wà nínú enum kan (àkójọ orúkọ nínú kọ́ọ̀dù), a sì kọ gbólóhùn Yorùbá tó jẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ètò mìíràn ló ń tẹ rìsíìtì. Òun ò lè ka enum, fáìlì .properties, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán ní ìlà-ìlà, ló ń kà. Mi ò fẹ́ ká máa kọ ọ̀rọ̀ kan náà síbi méjì, torí ọjọ́ tẹ́nì kan bá tún ọ̀kan ṣe tó gbàgbé èkejì, wàhálà dé nìyẹn. Mo wá kọ class kékeré kan (ẹyọ kọ́ọ̀dù Java) tó máa wo inú enum náà, táá sì da gbogbo gbólóhùn ibẹ̀ sínú fáìlì nígbà build.

Maven ní ìpele kan tó ń jẹ́ generate-resources. Ẹnikẹ́ni tó bá rí orúkọ yẹn á ní ibẹ̀ gan-an lòun ń wá. Mo so exec-maven-plugin, tó ń jẹ́ kí Maven ṣiṣẹ́ kọ́ọ̀dù ẹni, mọ́ ọn kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ṣe build, ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ṣí fáìlì náà, gbogbo gbólóhùn pé síbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹgbẹ́ ní àwọn fẹ́ máa gba ìtanràn igba náírà lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ kó tó san owó ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo fi ìlà kan kún enum, mo ṣe build lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo gbé e síta lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní Sábó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ìdí aṣọ nu omi ẹja kúrò lójú fóònù, ó nà án sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "ITANRAN_IDADURO ₦200." Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń jẹ́ báyìí? Ṣé orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n kọ sórí owó mi ni?" Ara mi bù máṣọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé fún un pé ìtanràn ni, ó gbọ́, àmọ́ mo rí i lójú ẹ̀ pé ọkàn ẹ̀ ò tíì balẹ̀.

Mo tú jar (fáìlì kan tí wọ́n di gbogbo ètò Java sí) tí mo gbé síta wò. Enum inú ẹ̀ ti ní ìtanràn. Fáìlì .properties tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú jar kan náà ò ní in, ló fi jẹ́ orúkọ inú enum ni rìsíìtì tẹ̀ jáde. Mo tún ṣe build láìfọwọ́ kan nǹkan kan, ìlà ìtanràn sì yọ! Ibí yìí ló ti fẹ́ dà mí lórí rú. Kọ́ọ̀dù kan náà, àṣẹ kan náà, èsì méjì.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló tú u, láìmọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù, ó fa kọ́ọ̀dù wa sórí ẹ̀, ó ṣe build, ló bá kú síbẹ̀: ClassNotFoundException. Class tó ń kọ fáìlì yẹn gan-an ni wọ́n ní àwọn ò rí. Mo jókòó tì í, a ka ìpele Maven lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe tò: generate-sources, process-sources, generate-resources, process-resources, lẹ́yìn náà ni compile, tó ń sọ kọ́ọ̀dù di class tó ṣe é ṣiṣẹ́, tó dé, process-classes wá tẹ̀ lé e. Nígbà tí class mi ń ṣiṣẹ́ ní generate-resources, wọn ò tíì compile nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù mi ni class àná, tó ṣì wà nínú target/classes, fóldà tí compile ń kó class sí. Ìdí nìyẹn tí fáìlì mi fi ń pẹ́ ní build kan gbáko sẹ́yìn kọ́ọ̀dù. Lórí láptọ́ọ̀pù tuntun, kò sí class àná kankan.

Mo gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí process-classes. Ìyẹn nìkan ò tó o, ẹ fiyè sí i: ìgbà yẹn, process-resources, tó ń kó fáìlì inú src/main/resources lọ sí target/classes, ti kọjá lọ. Bẹ́ ẹ bá kọ fáìlì náà sínú src/main/resources, kò sẹ́ni táá tún padà wá kó o. Inú target/classes ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí tààrà. Ìpele package, tí wọ́n ti ń di jar, ṣì wà níwájú, á bá a níbẹ̀. Àwọn test náà á rí i, torí ẹ̀yìn process-classes ni test ń ṣiṣẹ́. Nǹkan kan ò sì tún jáde lọ́dọ̀ wa mọ́ láìṣe mvn clean, tó ń pa fóldà target rẹ́, ṣáájú.

Ìyá Ìbejì, Agric:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Gradle, irinṣẹ́ build mìíràn, ni tèmi, òun ò tiẹ̀ gbà fún mi rárá. Mo fi fóldà tí fáìlì náà ń bọ́ sí kún resources, mo ní kí task mi (iṣẹ́ tó ń kọ fáìlì náà) dúró de classes, ìyẹn task tó ń parí compile. Classes ń dúró de processResources, processResources ń dúró de task mi, task mi ń dúró de classes. Ó kọ ọ́ sójú mi pé "Circular dependency". Mo bínú lọ́jọ́ náà, iná ti lọ, bátìrì mi ò ju ìdá mẹ́wàá lọ. Ní báyìí tí mo ka tiyín, mo rí i pé ó ṣe mí lóore. Ó kọ̀ fún mi ní gbangba. Tiyín gbà, ó wá ń purọ́ fún yín.

Ohun tó bá mi tán an ni pé mi ò fi fóldà yẹn sínú resources mọ́. sourceSets.main.output.dir ni mo lò, mo kọ builtBy sí i kó mọ task tó ń bí i. Classpath (àwọn ibi tí Java ti ń wá class) tí mo fún task náà jẹ́ output.classesDirs pẹ̀lú compileClasspath. Ẹ má fún un ní runtimeClasspath o, fóldà tí task náà fẹ́ bí wà nínú ẹ̀, àyípoyípo yẹn á tún padà. Bó bá jẹ́ ètò ńlá ni, ojú tèmi ni pé kẹ́ ẹ gbé enum lọ sí module tiẹ̀, ìyẹn apá ètò tó dá dúró. Wọ́n á ti compile ìyẹn tán pátápátá kí ti rìsíìtì tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi iṣẹ́ á fojú ara ẹ̀ rí èyí tó ṣáájú.

Ará Ẹ̀bútẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dé ibi àmì. Èmi jìyà ẹ̀. Properties.load ló ń ka fáìlì .properties nínú Java. Bẹ́ ẹ bá fún un ní InputStream (báìtì lásán), ISO-8859-1, ọ̀nà àtijọ́ láti tọ́jú lẹ́tà, ló fi ń kà á, kò sì sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ nínú ìyẹn. Java 9 tó jáde lọ́dún 2017 sọ ResourceBundle, ọ̀nà mìíràn tí Java ń gbà ka irú fáìlì yìí, di UTF-8 tó gba gbogbo lẹ́tà, àmọ́ wọn ò yí ti load yìí padà. "Ẹ ṣé" mi di jágbajàgba lójú fóònù. Reader tó mọ̀ pé UTF-8 ni mo wá fún un, ó sì tò.

Nǹkan kejì: Properties.store, tó ń kọ fáìlì náà jáde, máa ń kọ déètì àti àkókò sókè fáìlì, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ yí ọ̀rọ̀ kan padà. A ti fi fáìlì wa sínú git, tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kọ́ọ̀dù, ojoojúmọ́ la wá ń jà lórí ìlà tí ẹnikẹ́ni ò kọ. Mo fọwọ́ ara mi kọ ìlà kọ̀ọ̀kan jáde báyìí, mo tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ a-b-d, a sì yọ fáìlì náà kúrò nínú git.

Ṣé annotation processor, tó ń ka àlàyé (annotation) tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ kọ́ọ̀dù nígbà compile, ò dáa ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni?

Ọmọ Ìgbógbó:

Ẹ ṣé gan-an. Àbúrò, mo gbìyànjú ẹ̀. Ó ń kọ fáìlì jáde nígbà compile fúnra ẹ̀, pẹ̀lú createResource ti Filer sí CLASS_OUTPUT, ọ̀rọ̀ ìpele ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ kọ́ọ̀dù, bí kọ́ọ̀dù ṣe rí ló ń wò. Ó rí orúkọ ITANRAN_IDADURO, kò rí gbólóhùn tí mo fi sínú àkámọ́ iwájú ẹ̀. Àfi kí n kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sínú annotation lórí enum. Mo ń ṣe é lọ, ọgọ́ta ìlà ló wà, mo ti dé ogún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé rìsíìtì tuntun lọ bá ìyá ẹlẹ́ja ní ìsọ̀ wọn. Ó kà á sókè, ó ń fìka tọ́ ọ: "Owó ìtanràn fún ìdádúró: igba náírà." Ó wò mí, ó ní, "Ìdádúró kẹ̀? Mi ò pẹ́ lọ́jọ́ yẹn." Mo ṣí àkọsílẹ̀ lójú ẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ gan-an ló sanwó, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló fi di ọjọ́ kejì kó tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Wọ́n ti dá igba náírà ẹ̀ padà.