Ta ló ṣàwárí Odò Ọya gan-an? Wọ́n fi X sí ìdáhùn ọmọ mi

Màmá Tòmíwá
Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ bá tíṣà ọmọ mi fa ohun tí kò yẹ kó fà. Ọmọ mi wà ní praímárì 4, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè keje ni pé ta ló ṣàwárí River Niger. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń retí, ọ̀pọ̀ wa ló ti jẹ pàṣán lórí ẹ̀, Mungo Park. Ọmọ tèmi wá kọ ọ́ pé "àwọn tó ń gbé ibẹ̀". Tíṣà fi báírò pupa kọ X sí i, X tó tóbi bí èyí tí gọ́mẹ́ǹtì ń kọ sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó.

Kì í ṣe ti máàkì kan ló ń dùn mí o. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni, mo jókòó mò ń ṣa ẹ̀wà, ọmọ yìí wá dúró tì mí, ó ní "Mọ́mì, àwọn tó ń pọn omi níbẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò rí i ni?" Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fọ̀. Bàbá ẹ̀ ní kí n fi sílẹ̀, pé ohun tó bá wà nínú ìwé ni kó kọ, kó pàásì, kó máa lọ. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Etí Odò
Hahahaha ọmọ yẹn gbọ́n jù mí lọ. Jẹ́bà ni wọ́n bí mi sí, odò yẹn ni mo là jú rí. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè Mungo Park kẹ́ ẹ wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín. Odò Ọya ni wọ́n ń pè é kí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Niger.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Òpó òkúta kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọ́n kọ orúkọ Mungo Park àti Richard Lander sí, ìrántí wọn ni. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò níbẹ̀ bíi pé ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin náà dúró sí. Mungo Park ò débẹ̀ rí! Bùsá ló kú sí ní 1806, lókè odò, Bùsá ọ̀hún pàápàá ti wà lábẹ́ omi báyìí látìgbà tí wọ́n ti ṣe dáàmù Káínjì.

Akọ̀wé Òde
Màmá Tòmíwá, ẹ fi tíṣà sílẹ̀ jàre, kò sí ohun tó ṣe. Mo mọ̀ pé ìdáhùn mi ò ní dùn mọ́ yín ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kéèyàn ṣàwárí nǹkan kì í ṣe kó kọ́kọ́ rí i lójú lásán. Ẹ̀fọn ti ń jẹ wá láti ayé Adámọ̀, ibà ń pa wá, ìyá àgbà mi mọ ibà débi pé kò tíì fọwọ́ kan ọmọ lára tán tó ti mọ̀, síbẹ̀ Ronald Ross la gbà pé ó rí i ní 1897, ní Íńdíà, pé inú ẹ̀fọn ni nǹkan tó ń fa ibà ń gbé. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò bínú sí ìyẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ odò nìkan lẹ fẹ́ jà lé lórí? Ẹni tó sọ ọ́ di ìmọ̀ tí gbogbo ayé lè kà ló ṣàwárí ẹ̀. Àwọn tó ń pọn omi mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn ọn ni, wọn ò mọ odò.

Ọmọ Etí Odò
"Wọn ò mọ odò" kẹ̀. Oúnjẹ wọn nìyẹn, ọ̀nà wọn nìyẹn, ibojì wọn nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò tíì rí ibi tí apẹja ti ń sọ bí omi ṣe máa rí lọ́la fún èèyàn.

Àdùkẹ́ Ọlọ́bẹ̀
Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ti dáhùn? Ṣebí à-wá-rí ni. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Tí mo bá wá ata rí lọ́jà nígbà tí ata wọ́n, mo wá a, mo rí i, ó tó kí n fi yangàn nílé. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún ìyá aláta pé èmi ni mo ṣàwárí ata ẹ̀, ó máa fi igbá lé mi.

Bàbá Hísítìrì
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní hísítìrì kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà ti fi X sí irú ìdáhùn yẹn rí, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin yẹn wá débí gan-an torí ibẹ̀ ni àwa tíṣà ti ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Kì í ṣe pé àwọn òyìnbó ò mọ̀ pé odò náà wà. Wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ibn Battuta ará Mòrókò rí i ní nǹkan bí 1352, ó rò pé Náílì ni. Leo Africanus náà kọ̀wé ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, ó ní ìwọ̀-oòrùn ló ń ṣàn sí. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ní Lọ́ńdọ̀nù ni pé ibo ló ń ṣàn lọ, ibo ló sì parí sí. Àwọn kan ní ó wọnú Náílì, àwọn kan ní Kóńgò, àwọn kan ní inú aṣálẹ̀ ló gbẹ sí. Àwọn ọlọ́lá kan wá kóra jọ ní 1788, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní African Association, wọ́n ń fi owó rán èèyàn wá. Houghton tí wọ́n rán ṣáájú kú sọ́nà. Mungo Park, dókítà ọmọ Scotland, ló gba iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Gáḿbíà ló gbà wọlé ní 1795.

Nígbà tó fi máa débẹ̀ ní oṣù Keje 1796, wọ́n ti jà á lólè, wọ́n ti tì í mọ́lé fún oṣù mélòó kan, ẹni méjì tó bá a jáde ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́. Àwọn kan tí ogun lé kúrò nílùú wọn ló ń bá rìn. Ó kọ ọ́ fúnra ẹ̀ nínú ìwé ẹ̀ tó jáde ní 1799: bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Ségù (ó wà ní Málì òde òní), ó ń wò ọ̀tún ó ń wò òsì, kò rí odò, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń rìn ló ké sí i pé omi rèé o! Ìgbà yẹn ló tó yíjú, ló rí i tó ń dán nínú oòrùn àárọ̀, tó ń rọra ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn. Ó sáré lọ sí etí ẹ̀, ó mu nínú ẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nítorí náà Akọ̀wé Òde jàre díẹ̀: ó fojú ara ẹ̀ rí i pé ìlà-oòrùn lodò ń ṣàn sí, ó parí ìjà tí àwọn ará ibẹ̀ ò bá wọn jà rí. Ìyẹn ni "àwárí" ẹ̀. Kì í ṣe odò.

Akọ̀wé Òde
Ẹ ṣeun bàbá. Ẹ ò rí i, mo ní mo jàre.

Àdùkẹ́ Ọlọ́bẹ̀
Díẹ̀ ni wọ́n ní o 😂

Tinúkẹ́ Pẹ́kàm
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fẹ́ fi tèmi kún un torí ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu. Nínú ìwé yẹn kan náà ló ti ní odò náà fẹ̀ tó Thames ní Westminster. Afárá Westminster ni bọ́ọ̀sì mi ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, látìgbà tí mo ti gbọ́ ìyẹn mo máa ń yọjú wo omi dúdú yẹn mo máa ń sọ pé ṣé ìwọ ni wọ́n fi wé Ọya ìyàwó Ṣàngó.

Èkejì, wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ìyàwó Lugard ló jókòó sétí odò tó sọ wá ní Nigeria. Irọ́ ni. Flora Shaw kọ orúkọ yẹn sínú ìwé ìròyìn The Times ní oṣù Kìíní 1897, níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. 1902 ló tó fẹ́ Lugard. Ẹ tíì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ obìnrin di ìyàwó kó tó rí ọkọ.

Màmá Tòmíwá
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ka ibi "omi rèé" yẹn fún ọmọ mi, ó fò sókè. Ṣùgbọ́n bàbá, nígbà tó dé Ségù, ṣé ọba ibẹ̀ ò bi í pé kí ló wá ṣe ni?

Bàbá Hísítìrì
Ó bi í, ìyá. Mansong lorúkọ ọba náà. Kò jẹ́ kó sọdá sínú ìlú, ó ní kó dúró lódì kejì. Nígbà tí ẹni tó ń fọ̀nà han òyìnbó gbọ́ pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá, torí kó lè rí odò Jólíbà (bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀ nìyẹn), ó yà á lẹ́nu. Ó wá béèrè pé ṣé kò sí odò nílùú tiyín ni, àbí odò kan kò jọ èkejì? Tí mo bá kọ́ ọmọ débẹ̀ gbogbo kíláàsì máa ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín jù, ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ẹni tó bá kọjá láàárín gbogbo ewu yẹn torí omi, ó ní nǹkan mìíràn lẹ́yìn. Òwò ni. Mansong fi 5,000 owó ẹyọ ránṣẹ́ sí i pé kó fi ra oúnjẹ, kó máa lọ.

Obìnrin kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Òyìnbó ti jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀ láìjẹun, kò sẹ́ni tó gbà á sílé, òjò ṣú, ó ti ń múra àtigun igi kí ẹranko má bàa jẹ ẹ́ lóru. Obìnrin yìí ń bọ̀ láti oko, ó bá a kẹ́dùn, ó gbé gàárì ẹṣin ẹ̀, ó mú un lọ sílé, ó tẹ́ ẹní fún un, ó sun ẹja fún un. Àwọn ọmọbìnrin ilé ń ran òwú lóru yẹn, wọ́n sì ń fi òyìnbó kọrin, pé kò ní ìyá tó máa gbé wàrà fún un, kò ní ìyàwó tó máa lọ ọkà fún un. Bọ́tìnnì idẹ mẹ́rin ló kù lára aṣọ ẹ̀. Ó já méjì fún obìnrin náà láàárọ̀, òun nìkan ló ní tó lè fi san án.

Ọmọ Etí Odò
Bàbá ẹ má jẹ́ kí n sunkún lójú ọ̀nà. Ta ló wá mọ ibi tó parí sí?

Bàbá Hísítìrì
Mungo Park padà wá ní 1805, ó kan ọkọ̀ ojú omi, ó tẹ̀lé odò títí ó fi kú ní Bùsá. Richard Lander àti àbúrò ẹ̀ ló wá parí ẹ̀ ní 1830. Ilẹ̀ tiwa ni wọ́n gbà: Àgbádárìgì, Ọ̀yọ́ Ilé, títí dé Bùsá, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ní Bùsá wọ́n rí ìwé kan lọ́wọ́ ọba tó jẹ́ ti Mungo Park, ìwé ìṣirò àwọn atukọ̀. Ohun tí wọ́n bá láàárín ojú ewé ẹ̀ ni káàdì tí wọ́n fi pè é wá jẹun alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1804! Ọba yẹn ti fi ìwé náà pa mọ́ bí ohun iyebíye, ìpè oúnjẹ sì wà nínú ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí, Akọ̀wé. Ọkọ̀ òyìnbó ti ń dé ẹnu odò yẹn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, wọ́n ń ra èèyàn níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń ra epo pupa, wọn ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni Niger tí àwọn ń wá parí sí. Àwọn ará Brass àti Aboh tó ń tu ọkọ̀ lọ tu ọkọ̀ bọ̀ mọ̀. King Boy ará Brass ló gba àwọn Lander lọ́wọ́ ọba Aboh, ó gbé wọn dé etí òkun, pé ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó á san owó ìràpadà. Ọ̀gá ọkọ̀ ní òun ò san kọ́bọ̀.

Akọ̀wé Òde
Hmm. Ti epo pupa yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbà pé wọ́n mọ odò, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà níbẹ̀. Ti Ronald Ross mi ò gbà á padà o.

Àdùkẹ́ Ọlọ́bẹ̀
Ẹni kankan ò bèèrè Ross lọ́wọ́ yín sà.

Màmá Tòmíwá
Mo ti lọ o! Tíṣà ò burú rárá, ọmọdé ni òun náà, ó ní ohun tí wọ́n fún òun láti kọ́ wọn lòún kọ́ wọn, ìbéèrè yẹn ṣì máa jáde ní common entrance. A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ mi jáde síwájú kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì kó sọ ìtàn "omi rèé" fún wọn. Máàkì ò yí padà ṣá.

Ọmọ wá ní kí n bi bàbá léèrè: ọkùnrin tó pariwo "omi rèé" yẹn, kí lorúkọ ẹ̀? Ó ní òun fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Hísítìrì
Mungo Park ò kọ ọ́, ìyá. "Ọ̀kan nínú wọn" ló pè é.